Ọwọ́ Tí Mi Ò Wọ̀n

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, mo kí yín o. Làmídì lorúkọ mi, Bàbá Ṣèrífá ni wọ́n ń pè mí ní Ṣakí níbí. Kẹ̀kẹ́ ni mo fi gbogbo ayé mi tún ṣe, àgàgà kẹ̀kẹ́ àwọn tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ wọn kò pé. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ní kékeré, ẹni tí apá rẹ̀ kan rọ, gbogbo wọn ni mo ti ṣe kẹ̀kẹ́ fún. Bí ẹ bá béèrè mi lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, wọn á ní èèyàn dáadáa ni mí. Ẹ má tíì gbà wọ́n gbọ́. Ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán ná.

Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, ṣùgbọ́n oko kò wù mí rárá. Kẹ̀kẹ́ tí bàbá mi ń gùn lọ sóko ló wù mí. Lọ́jọ́ kan tí ó lọ kí ìrun Jímọ̀, mo tú kẹ̀kẹ́ náà palẹ̀ kí n lè mọ ohun tó ń mú un sáré. Nígbà tí ó dé, ó bá gbogbo rẹ̀ lórí ẹní bíi ẹran Iléyá tí wọ́n ti kun tán. Mi ò lè tò ó padà. Mo ti ń dúró de pàṣán, àmọ́ bàbá mi kàn wò mí títí, ó ní, "Ẹni tó bá tú ohun tí kò lè tò, ó yẹ kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tò ó." Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n mú mi wá sọ́dọ̀ Ọ̀gá Bùráímọ̀ ní Ṣakí. Ẹ jẹ́ kí n fo ọ̀rọ̀ owó ìkọ́ṣẹ́ àti àdéhùn. Wọ́n san án, mo wọlé, ó parí.

Ọ̀gá Bùráímọ̀ kì í pariwo. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kò ju ìka mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ó le ju irin tó ń lù lọ. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ṣéènì ni mo fi kẹrosíìnì fọ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bí o bá gbé sípánà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, yóò ní, "Sípánà kì í sùn nílẹ̀, àfi kí ìwọ náà lọ sùn tì í," wàá sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ọ̀gá yóò fi ní o tó. Bí o bá to sípóòkù sí rímù láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, yóò wá, yóò fi èékánná ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì dẹ etí. Tí ó bá kan èyí tí kò dún bíi ti àwọn yòókù, yóò ní, "Èyí ń sunkún," yóò sì tú gbogbo rẹ̀ dà sí ọ lẹ́sẹ̀. Mo sọkún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn ju iye ìgbà tí mo lè kà lọ.

Bí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àgbẹ̀ kan wá láti ọ̀nà Òtù, paramọ́lẹ̀ ló bù ú jẹ ní oko, ilé ìwòsàn sì ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n ní kí n jókòó sílé kí ìyàwó mi máa bọ́ mi. Mi ò lè ṣe é. Ẹ bá mi wá bí mo ṣe máa dóko." Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti òkè délẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ṣe é. A gé táyà ọkọ̀, a fi ṣe ìkòkò kékeré kan tí yóò gba kùkùté ẹsẹ̀ náà, a fi bóòtù kàn án mọ́ orí irin gígùn tó dé pẹ́dàlì, a sì fi awọ dì í kó má baà yọ. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà gun kẹ̀kẹ́ jáde ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn obìnrin tó ń ta ọkà bàbà ní ẹ̀bá ọ̀nà hó yèè. Kò bojú wẹ̀yìn, ó kọjú sí ọ̀nà Òtù, ó ń lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Ìgbòho, láti Kíṣí, àní láti gáà àwọn Fúlàní.

Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù ní ṣọ́ọ̀bù wa ni ìwọ̀n. Túùbù àlòkù ni ọ̀gá mi gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, òun la fi ń wọn èèyàn, a ó sì ta kókó sí ibi tí gígùn rẹ̀ bá mọ. Àmọ́ àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ kí wọ́n fi okùn tàbí ọ̀pá wọn àwọn láàyè. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, òkú ni wọ́n ń wọ̀n kí wọ́n tó gbẹ́ sàréè. Ọgbọ́n tí ọ̀gá mi dá sí i ni pé oníbàárà ni yóò kọ́kọ́ wọn ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n. Ọ̀gá yóò fún un ní túùbù, yóò ká ṣòkòtò ara rẹ̀ sókè, yóò ní, "Wọ̀n mí ná. Bí ẹnì kan bá máa kú nínú àwa méjèèjì, kó kọ́kọ́ jẹ́ èmi." Oníbàárà á bú sẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀gá mi yóò tó wọn tirẹ̀: ẹsẹ̀, itan, ìbàdí. Ọwọ́ ló ń fi parí rẹ̀. Yóò na apá rẹ̀, yóò ní, "Di ọrùn ọwọ́ mi mú. Fún un pọ̀, bí agbára rẹ ṣe mọ." Ọ̀tún ná, lẹ́yìn náà òsì. Yóò di ojú, kó lè mọ agbára ọwọ́ náà dáadáa. Tí ó bá jẹ́ obìnrin ni, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Àlíà, ni yóò mú un wọ yàrá lọ wọ̀n ọ́n, tí yóò sì jáde wá ròyìn: "Òsì rẹ̀ le. Ọ̀tún rẹ̀ dẹ̀ díẹ̀."

Ó rán mi ní ìwọ̀n lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin kan láti Kíṣí ni, ẹsẹ̀ ni ó wá rò. Mo wọn ẹsẹ̀, mo ta kókó, mo gbé e wá.

Ọ̀gá ní, "Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ọ̀gá. Ọwọ́ rẹ̀ pé."

Ó mú túùbù, ó de ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́ ẹ̀yìn mi, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Òsì ni mo fi fọ ṣéènì, òsì ni mo fi gba afẹ́fẹ́ sí táyà. Nígbà tí oúnjẹ dé, mi ò lè fi òsì jẹun lójú àgbà, bẹ́ẹ̀ ni ebi pa mí títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó tú mi, ó ní, "Ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé ń wò lára wọn. Ìwọ, ibi tí ayé ò wò ni kí o máa wò." Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Mo rò pé mo ti gbọ́.

Mo gba fírídọ̀mù, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, mo fẹ́ Sìkírá, òun ni Ìyá Ṣèrífá. Òun ló ń bá mi wọn àwọn obìnrin, bí Ìyá Àlíà ti ń ṣe. Ní àkókò tí mo ń kọ́ṣẹ́, ẹwìrì àti èédú la fi ń mú irin gbóná, òòlù la fi ń tẹ̀ ẹ́, bóòtù la sì fi ń so ó pọ̀. Bí o bá ṣe àṣìṣe, o ó tú bóòtù, o ó tún un ṣe. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin dé, èmi náà ra jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì wá di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Mo lè gé férémù kẹ̀kẹ́ méjì ní òwúrọ̀, kí n jó wọn pọ̀ di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì. Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti wọ̀ mí lára. Ọ̀gá mi ti kú nígbà yẹn, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kò sí ẹni tí yóò ta sípóòkù mi wò mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo èèyàn láti ọ̀ọ́kán, màá sì ní, "Mo ti rí i. Ojú mi yìí, tépù ni." Ó sì máa ń bọ́ sí i ní ọ̀pọ̀ ìgbà, èyí ló tún bà mí jẹ́.

Ìgbà náà ni Àáfà Sùlé mú ọmọ rẹ̀ wá. Ẹni ńlá ni Àáfà Sùlé ní àdúgbò wa, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í lọ sílẹ̀ ni. Ràbíátù lorúkọ ọmọ náà, Ràbí ni wọ́n ń pè é, kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti kékeré, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó mọ kéú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fún un ní àwọn ọmọ kéékèèké láti máa kọ́ ní ilé kéú kan lódìkejì odò. Ọ̀nà náà jìn fún un, kó tó débẹ̀, ilẹ̀ á ti mọ́ gan-an, àwọn ọmọ á ti máa jà. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò máa fi ẹsẹ̀ òsì nìkan wà.

Ó ní, "Bàbá Ṣèrífá, ẹ bá mi parí ẹ̀ kí Iléyá tó dé. Mo fẹ́ kó gùn ún lọ sí yídì, kí ayé rí i."

Iléyá ku ọjọ́ márùn-ún. Ìyàwó mi ti lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ wo ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá, ọjọ́ kẹta ni yóò dé. Ó yẹ kí n sọ pé kí wọ́n padà wá. Bí mi ò bá sì fẹ́ dúró, àwọn obìnrin tó ń ta ọkà bàbà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, n bá bẹ ọ̀kan nínú wọn. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ṣé kí èmi tí ojú mi jẹ́ tépù wá máa bẹ ọlọ́kà bàbà?

Ràbí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìbòrí rẹ̀ fẹ̀, ó bò ó láti orí dé orúnkún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo wo bí ìró rẹ̀ ṣe dúró lórí ẹsẹ̀, mo ṣírò ó. Ẹsẹ̀ náà ni mo rò, ẹsẹ̀ ni mo rí. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: a kì í ṣojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀wọ̀ ni mo bù fún un tí mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀lẹ ni, kì í ṣe ọ̀wọ̀.

Kí wọ́n tó lọ, ọmọ náà gbé ojú sókè. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bíréèkì ẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ wo lẹ máa fi sí?"

Mo ní, "Ọ̀tún ni kẹ̀. Ṣé òsì ni ọmọ Àáfà á máa nà jáde láàárín ìlú?"

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ràbí tẹ orí ba. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ti mọ ohun tí ọmọ náà fẹ́ sọ. Èmi tí wọ́n de lọ́wọ́ fún odindi ọjọ́ kan nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, mi ò mọ̀ ọ́n.

Mo parí kẹ̀kẹ́ náà ní ọjọ́ kẹrin. Ó dára, mi ò ní purọ́ lórí ìyẹn. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bọ́ sórí pẹ́dàlì bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó wà á lọ, ó wà á bọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ilẹ̀ tẹ́jú. Tí ó bá fẹ́ dúró, á dá ẹsẹ̀ dúró, kẹ̀kẹ́ á máa rọra sáré títí yóò fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Mo rí i pé kò tẹ bíréèkì, mo ní ìtìjú obìnrin ni. Ní ọjọ́ Iléyá, ó gùn ún lọ sí yídì, àwọn èèyàn ń kí bàbá rẹ̀, wọ́n ń kí mi. Inú mi wú bí àkàrà inú epo.

Ìyàwó mi bi mí nígbà tí ó dé, "Ta ló bá yín wọ̀n ọ́n?"

Mo ní, "Ìyá kan báyìí ni." Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Oṣù méjì ni Ràbí fi gun kẹ̀kẹ́ náà lọ sí ilé kéú, kò sí wàhálà. Ọ̀nà tí ó ń gbà tẹ́jú. Lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń ṣe gọ́tà gbẹ́ ọ̀nà náà dí, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn gba ọ̀nà kejì, èyí tó jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ bá odò. Kẹ̀kẹ́ náà já lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó lọ fi ara lu ògiri afárá, férémù irin tí mo fi ọwọ́ mi jó sì wó lé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó kù fún un. Ó kán sí ọ̀nà méjì.

Wọ́n fi bárò ti kẹ̀kẹ́ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo yí i dojú dé, mo wo bíréèkì. Rọ́bà bíréèkì kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti gùn fún oṣù méjì, ó yẹ kó ti jẹ, kó ti dán. Ti Ràbí ṣì rí bí ó ṣe wà nínú ọ̀rá, ìlà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára kò tíì parẹ́. Kò tíì fọwọ́ kan rímù rí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn irin. Mo ti mọ̀ nígbà náà pé ọmọ náà kò lè tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo yọ rọ́bà méjèèjì, mo sọ wọ́n sínú ṣalángá.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ bàbá tó ń to eegun, wọ́n ti fi igi pẹlẹbẹ di ẹsẹ̀ náà. Ràbí wà lórí ẹní, òógùn bò ó lójú. Ìyá rẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Àwọn ẹbí jókòó yí i ká. Àáfà Sùlé fà mí mọ́ra, ó ní kádàrá ni. Bí ó bá dákẹ́ síbẹ̀ ni, bóyá n bá dákẹ́ pẹ̀lú. Ó wá ní, "Bàbá Ṣèrífá, ohun kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ọwọ́ ọ̀tún Ràbí yìí, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára láti kékeré. Àìsàn yẹn kan náà ló fà á. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ mọṣẹ́, ẹ ó ti mọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n, àbí ẹ ò wọ̀n ọ́n?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ro ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ro orúkọ mi. Mo ní, "Mo wọ̀n ọ́n, Àáfà. Mo ní kó tẹ bíréèkì níṣojú mi, ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bóyá ó kánjú ni."

Ràbí yí ojú sí mi. Ó la ẹnu, ó ní, "Bàbá Ṣèrífá ò..."

Bàbá rẹ̀ ní, "Dákẹ́. Àgbà ń sọ̀rọ̀."

Ó sì dákẹ́. Wọ́n tọ́ ọ dáadáa, kò lè pe àgbà lónírọ́. Bí ó ṣe wò mí yẹn, mo ṣì ń rí i.

Ẹsẹ̀ náà jinná ní wíwọ́, Ràbí kò sì lè dìde dúró mọ́. Bàbá rẹ̀ ní kò ní gun kẹ̀kẹ́ mọ́ láyé. Mo ṣe òmíràn, mo fi bíréèkì sí òsì, mo gbé e lọ, Àáfà dá a padà pẹ̀lú ọpẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ti ṣe tiyín. Ràbí ló kánjú." Wọ́n fún ẹlòmíràn ní ilé kéú náà. Àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ tẹ́lẹ̀ wá ń pè é ní Àǹtí Kánjú tí wọ́n bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹnu mi ni orúkọ yẹn ti jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tún fo ìwọ̀n mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo le ju Ọ̀gá Bùráímọ̀ lọ lórí rẹ̀. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó kọjá lọ́dọ̀ mi ló mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ wọn ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìwà ìbàjẹ́ mi: tí mo bá fẹ́ kọ́ wọn, ìtàn Ràbí ni mo ń sọ. "A wọ̀n ọ́n, a tò ó, ọmọbìnrin yẹn ló kánjú. Ẹ máa kìlọ̀ fún oníbàárà." Mo ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dùn lẹ́nu mi.

Ọ̀kadà dé, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lójú títì. Àwọn aláàánú náà ń kó kẹ̀kẹ́ arọ wá láti òkè òkun, gbogbo rẹ̀ gígùn kan náà, bóo ga bóo kúrú. Iyanrìn wa a máa gbé wọn mì. Wọ́n á tún kó o wá bá mi kí n gé e, kí n sọ táyà rẹ̀ di ńlá. Nísinsìnyí àwọn ọmọ tí mo kọ́ ti ń fi ẹ́ńjìnì ọ̀kadà sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, iṣẹ́ wọn sì dára ju tèmi lọ. Ojú tí mo fi ń yangàn ṣú, mo ti ṣọ́ọ̀bù.

Láìpẹ́ yìí, olùkọ́ kan ní ilé ìwé girama àdúgbò wa pè mí pé kí n wá bá àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́. Mo wọ agbádá. Mo sọ̀rọ̀ Ọ̀gá Bùráímọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ ìtàn ọmọbìnrin tó kánjú.

Ọmọ kan dìde lẹ́yìn kíláàsì. Ó kúnlẹ̀ kí mi ná. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ìyá mi lẹ ń sọ̀rọ̀ wọn. Ìyá mi ò kánjú sà. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ò lè fún nǹkan pọ̀. Wọn ò lè tẹ bíréèkì."

Olùkọ́ náà ní, "Kúdírà, jókòó. Wọn kì í bá àgbà jiyàn."

Kúdírà jókòó. Mo sì jẹ́ kó jókòó. Ẹ gbọ́ mi, mo wà níbẹ̀, ẹnu mi wà lórí mi, mo tún jẹ́ kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ bí wọ́n ṣe pa ìyá rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo gba ìgò omi, mo lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò lè jẹun. Ìyàwó mi ní kí ló dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pariwo. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo ti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí dé ni mo ti bi yín, ẹ ní ìyá kan báyìí ni. Mo wá ìyá náà títí kí n lè kí i, mi ò rí i. Mo ní ọkọ mi á sọ fún mi lọ́jọ́ kan." Ó mú ìborùn rẹ̀. "Ẹ dìde. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ọkọ tí Ràbí padà fẹ́ ti kú, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló wà, òun ló ń tọ́jú bàbá náà. A bá a lórí àga kúkurú, ó ń fi ọwọ́ òsì pa ẹ̀gúsí. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

Ó kígbe, "Ẹ dìde o! Bàbá Ṣèrífá, ẹ má fi tiyín kó bá mi. Ṣé èmi ni mo bí yín?"

Mi ò dìde. Láti ilẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Mi ò wọn ọwọ́ rẹ̀. Mo purọ́ fún bàbá rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Kánjú.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Èmi ti mọ̀. Ẹ ò sọ nǹkan tuntun fún mi. Bàbá mi ni kí ẹ sọ fún. Láti ọjọ́ yẹn títí dòní, kò sí àṣìṣe tí mo ṣe nínú ilé yìí, bí mo da iyọ̀ pọ̀ sọ́bẹ̀, tí wọn ò ní í ní mo tún ti kánjú. Ẹ lọ sọ fún wọn kí wọ́n mọ ọmọ tí wọ́n bí."

Àáfà Sùlé wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fi ẹnu sí etí rẹ̀. Mo ní, "Àáfà, èmi Làmídì ni. Mo purọ́ fún yín. Mi ò wọn ọwọ́ Ràbí. Kò kánjú."

Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ṣèrífá. Ẹ kú iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ yẹn dára. Ràbí ló kánjú."

Mo tún un sọ. Mo pariwo rẹ̀ débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú. Ó mi orí, ó ní, "Ó kánjú. Ọmọ dáadáa ni, ó kàn kánjú ni." Mo sọ ọ́ nígbà kẹta, omi ti dà lójú mi. Ó ti bẹ̀rẹ̀ tẹ̀súbáà rẹ̀ padà.

Nígbà tí mo yíjú, Ràbí ti gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó fi ìbòrí bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyàwó mi jókòó tì í, ó dì í mú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ tèmi bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ti kúrò níbẹ̀.

Ràbí nu ojú. Ó ní, "Wọn ò lè gbọ́ ọ mọ́. Ẹ lọ bá àwọn ọmọ kíláàsì Kúdírà. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo ní, "Kí n kọ kí ni sí i?"

Ó ní, "Kí ẹ kọ orúkọ mi bí wọ́n ṣe sọ mí."

Mo padà sí ilé ìwé náà ní ọjọ́ Ajé. Mi ò wọ agbádá. Mo ní kí Kúdírà dìde dúró, èmi náà wà lórí ìdúró, mo sì sọ ọ́ fún wọn. Olùkọ́ náà wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, mo sì dúpẹ́ pé wọn ò pàtẹ́wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí nínú yín, iṣẹ́ iyì ni, kó lọ kọ́ ọ. Èmi tí mo kọ èyí, ojú ń tì mí, ojú yóò sì máa tì mí títí wọn yóò fi gbé mi sin. Ọmọ Àáfà Sùlé ni, olùkọ́ kéú ni, ìyá Kúdírà ni. Ràbíátù ni wọ́n sọ ọ́. Kò kánjú.